Ìdí Tí Ìgbín Fi Ń Fa Ojú Rẹ̀ Wọlé

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ jẹ́ kó dún. Èmi ló rẹ̀, ẹ̀yin kọ́. Láti àárọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lóko ẹ̀gúsí, ẹ̀yìn mi ò sì tíì dárí jì mí. Bí ẹ bá fẹ́ kí n ná ìwọ̀nba agbára tó kù lára mi fún yín, ẹ dá mi lóhùn bí ọmọ tó jẹun yó. Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi kò já gììrì, kò já fììrì. Ó ń wọ́ nílẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà Ìgbín. Ó kí i, ó wọlé, ó bá Ọ̀kẹ́rẹ́ níbẹ̀.

Mo ti rí ojú yín. Ìjàpá lẹ ń retí. Kò sí Ìjàpá lónìí. Gbogbo alẹ́ là ń pè é, òun náà ní láti sinmi. Ẹ bá mi gba Ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, olè kan kò kúkú sàn ju èkejì lọ.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ń dáko bíi tiwa yìí, wọ́n ní ẹgbẹ́ àáró nínú igbó kan létí odò. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ àáró mọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín. Lónìí, gbogbo wa á gbé ọkọ́ wa, a ó lọ sóko bàbá Àrínpé, a ó bá a kọ ebè. Lọ́la, a ó lọ sóko Dúnmóyè. Lọ́túnla, ó kan tèmi. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún ẹnì kan. Iṣẹ́ la fi ń san iṣẹ́, a kì í sì í jẹ àáró ká má san án. Bí ara ẹnì kan kò bá yá lọ́jọ́ náà, kì í kàn jókòó sílé. Ọkọ́ rẹ̀ ni yóò fi ránṣẹ́. Ẹlòmíràn á fi ọkọ́ náà ṣiṣẹ́, wọn á sì kà á sí pé ẹni tó ni ọkọ́ wá. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa wọ́.

Ìmàdò ni olórí ẹgbẹ́ náà. Àgbàlagbà ni, ó ní eyín méjì tó tẹ̀ kọdọrọ, ó sì mọ ilẹ̀ í gbẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni akéde wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Òun ló máa ń ti ilé dé ilé nírọ̀lẹ́, tí yóò máa sọ oko ẹni tó kàn lọ́la. Ohun tí Ọ̀kẹ́rẹ́ bá ti sọ ni gbogbo wọn ń gbà, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ tún fẹsẹ̀ rìn lọ béèrè.

Ìgbín ńkọ́? Ìgbín wà nínú ẹgbẹ́, àmọ́ kò lọ́wọ́ tí yóò fi di ọkọ́ mú. Ojú ló ní. Ẹ má fi ìgbín tí ẹ ń ṣà lẹ́bàá ògiri wé e. Ojú Ìgbín ìgbà náà mú ju ti àwòdì lọ. Ìwo gígùn méjì ló wà lórí rẹ̀, ojú kọ̀ọ̀kan sì jókòó sí ṣóńṣó ìwo kọ̀ọ̀kan, bí orí olú ṣe ń jókòó lórí igi rẹ̀. Ìwo náà dúró ṣánṣán ni, kì í ká, kì í wọlé. Ibi tí Ìgbín bá wà, ó ń rí iwájú, ó ń rí ẹ̀yìn, ó ń rí ẹni tó ń bọ̀ nínú òkùnkùn biribiri.

Ṣùgbọ́n kò ní ìpéǹpéjú. Ẹ̀yin, bí oorun bá dé, ẹ ó pa ojú dé, ó parí. Ìgbín kò rí nǹkan tí yóò fi pa tirẹ̀ dé. Oòrùn ń pa á, ekuru ń bọ́ sí i, koríko ń gún un. Bó dákẹ́ sójú kan báyìí, tó ní kí òun sùn, ojú ṣì wà lóde tó ń wò. Kò sùn rí látìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó kàn máa ń rẹ̀ ẹ́ ni, tí yóò sì dúró jẹ́ẹ́ kí ó lè tún rẹ̀ ẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Ìmàdò ṣe ní kí Ìgbín máa fi ojú san àáró tirẹ̀. Bí ẹ̀pà ẹnì kan bá gbó, tó ku kí wọ́n hú u, Ìgbín ni yóò lọ ṣọ́ ọ lóru. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀pà tó bá ti gbó, ẹnu tó ń pọ́n ọn kì í kéré. Bí ẹnikẹ́ni bá yọ́ wọ oko, Ìgbín á kọrin, ẹni tó ni oko á jí. Ẹ bá mi gbe orin náà. Bí ẹ kò bá gbè é, n ò ní kọ ọ́, ọ̀fun mi gbẹ.

Ta ló ń hú ẹ̀pà yìí o?
*Tẹ̀rẹ́, ojú ń wò ọ́.*
Bó o gba ọ̀nà ọ̀tún,
*Tẹ̀rẹ́, ojú ń wò ọ́.*
Bó o gba ọ̀nà òsì,
*Tẹ̀rẹ́, ojú ń wò ọ́.*
Ojú tí kò mọ bí a ti í dijú,
*Tẹ̀rẹ́, ojú ń wò ọ́.*

Ó dáa. Dúnmóyè, ìwọ nìkan lo gbè é, mo gbọ́ ọ.

Ìgbín fúnra rẹ̀ kò ní oko ẹ̀pà. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ó fẹ́ kí wọ́n bá òun gbẹ́ ilẹ̀ létí odò, ilẹ̀ rírọ̀ tó jìn díẹ̀, kí òun rí ibi yé ẹyin sí kí òjò tó lọ. Bí òjò bá lọ, ilẹ̀ á le, kò sẹ́ni tó máa lè gbẹ́ ẹ mọ́. Ẹyin tí kò bá sì rí ilẹ̀ wọ̀, èèrà ló ni ín. Ẹyin ọ̀hún ti wà nínú rẹ̀, ó ń wúwo sí i lójoojúmọ́.

Nígbà tó yẹ kó kan Ìgbín, Ọ̀kẹ́rẹ́ wá sọ fún un pé kó ní sùúrù, àna Ẹtu ń bọ̀, oko Ẹtu gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ìgbín ní kò burú. Ó tún yí kàn án. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní oko Òkété ti di igbó, ojú á ti ẹgbẹ́. Ìgbín ní kò burú. Ìgbà kẹta, kò tilẹ̀ sọ ìdí kankan. Ó ní oko òun ló kàn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn yòókù kò mọ̀. Lójú tiwọn, Ìgbín ló ní òun kò tíì ṣe tán. Ẹni tí kì í pariwo, ẹ ti mọ bí wọ́n ti í ṣe é.

Kí ló dé tí Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ń ṣe báyìí? Ọ̀lẹ ni. Ó mọ̀ pé gbígbẹ́ ilẹ̀ létí odò kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀pà àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ̀ ọ́ lójú. Ó ti gbìyànjú rí láti jí ti Òkété lọ́dún tó ṣáájú. Kò tíì fa ewé kan tí Ìgbín fi gbé orin. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní òun kàn ní kí òun wá kí ìyá ni. Ó wá rí i pé bí ojú yẹn bá wà lórí Ìgbín, ẹ̀pà olóko kò ní dé ẹnu òun.

Ó lọ bá Ìgbín ní ọjọ́ kan, oòrùn ń wọ̀. Ìgbín ń wọ́ lọ sí oko Ẹtu, torí ẹ̀pà Ẹtu ti gbó.

"Ìyá Ìgbín, ẹ kú ìṣọ́ o."

"O ṣeun, ọmọ mi."

"Ó rẹ̀ yín."

Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó ti sọ irú ìyẹn fún Ìgbín rí. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ó rẹ òun dé egungun. Ìgbín kò ní egungun, mo mọ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú rẹ̀. Ó ní kò dáa bí wọ́n ṣe ń lo àgbàlagbà tó gboyún. Ó ní òun ti bá Bàbá Ìmàdò sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ìyá ló kàn lẹ́yìn oko Ẹtu yìí, kò sí àní-àní. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó bá wá.

"Ìyá, bí ara ọlọ́kọ́ ò bá yá, kí ní í fi ránṣẹ́ sí àáró?"

"Ọkọ́ rẹ̀ ni."

"Èwo ni ọkọ́ tiyín?"

Ìgbín ronú. Ó ní òun kò ní ọkọ́, ojú ni òun ní.

"Ẹ ò rí i? Ojú yín ni ọkọ́ yín. Ẹ fún mi kí n bá yín gbé e lọ sóko. Ẹ̀yin, ẹ lọ sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, mo gbé e dé."

Ẹ má bú Ìgbín. Mo ti gbọ́ ẹ níbẹ̀ yẹn, Àrínpé, o ní kò gbọ́n. Ọmọdé ni ọ́, o kò mọ nǹkan tí àárẹ̀ lè mú èèyàn ṣe. Ẹni tó ti rẹ̀ dé ìwọ̀n kan, bí wọ́n bá ní kó kó ilé rẹ̀ wá kí wọ́n lè fún un ní ẹní, á kó o wá. Kò sì sí irọ́ nínú ohun tí Ọ̀kẹ́rẹ́ sọ nípa ọkọ́. Bí wọ́n ti ń ṣe é ní ìlú wọn nìyẹn. Ìgbín kàn gbàgbé láti bi ara rẹ̀ pé ta ló ti fi ojú ránṣẹ́ sóko rí.

Ó tẹ orí sílẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ rọra yọ ojú ọ̀tún kúrò lórí ìwo, ó yọ tòsì, ó fi ewé ẹ̀kọ dì wọ́n, ó lọ. Òkùnkùn dé bá Ìgbín, àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn. Ó sùn. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ó ń wu èmi náà.

Ọ̀kẹ́rẹ́ dé oko Ẹtu, ó gún igi méjì mọ́ àárín ebè, ó gbé ojú lé wọn lórí. Ẹtu kọjá lọ́nà ilé, ó rí ojú Ìgbín tó ń dán láàárín oko, ó ní ìyá ti dé ibi iṣẹ́. Ó lọ sùn fọnfọn. Ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hú ẹ̀pà. Ojú ń wò ó. Ojú rí gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ṣùgbọ́n ojú kò lẹ́nu, ẹnu wà lọ́dọ̀ Ìgbín tó ń sùn.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti gbé ojú kúrò lórí igi. Ẹtu dé oko láàárọ̀, ó bá ewé lásán. Ó figbe ta. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó káwọ́ lérí, ó ní háà, Ìgbín ló sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ó sáré lọ sọ fún Ìmàdò. Inú bí Ìmàdò. Ó ní ẹni tó bá sùn lẹ́nu ìṣọ́, ẹgbẹ́ kò ní bá a gbẹ́ ilẹ̀ kankan, kí wọ́n lọ sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ta ni wọ́n rán? Ọ̀kẹ́rẹ́ náà ni.

Kò kúkú sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìgbín. Ó ní kí ìyá máa sinmi, ẹ̀pà Òkété náà ti gbó, ojú kò tíì lè wálé. Ó tún lọ sí oko Òkété, ó gún igi, ó gbé ojú lé e, ó hú gbogbo rẹ̀. Ìgbín ló tún gba èébú rẹ̀.

Ìgbín jókòó sílé nínú òkùnkùn. Lọ́jọ́ kìíní, oorun ni. Nígbà tó yá, ẹ̀rù dé. Ó ń gbọ́ tí òjò ń dín kù lórí ewé. Ó ń gbọ́ tí ewé ń gbẹ. Ó pe Ọ̀kẹ́rẹ́, Ọ̀kẹ́rẹ́ kò wá mọ́. Ó na ìwo sókè kó wòran, kò sí nǹkan lórí ìwo. Ìwo kéékèèké méjì kan tún wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, èyí tí kò lójú rárá. Kò kà á sí rí. Ó wá fi í tọ́ ilẹ̀ wò. Ó gbọ́ òórùn omi, ó gbọ́ òórùn ẹrẹ̀. Ó tún gbọ́ òórùn Ìmàdò láti ọ̀nà jíjìn, torí Ìmàdò kì í wẹ̀.

"Bí n bá jókòó síbí," ló sọ fún ara rẹ̀, "orí ewé gbígbẹ ni màá yé ẹyin mi sí."

Ó gbéra. Ó ń fi ìwo kékeré tọ́lẹ̀ lọ, ó ń sinmi, ó ń tọ́lẹ̀ lọ. Ó kọlu gbòǹgbò, ó yà. Ó bọ́ sí kòtò, ó jáde. Ẹyin ń fà á sẹ́yìn nínú. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kò ní tètè dé.

Ẹ padà wo Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó ti kó ẹ̀pà jọ gègèrè sínú ihò ńlá kan nídìí igi ìyeyè. Ẹlòmíràn ì bá dá ojú olójú padà níbẹ̀ yẹn. Àmọ́ olè kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bí òun bá lọ sí àáró, ta ni yóò bá òun ṣọ́ ẹ̀pà òun? Ó ní ojú tó mú báyìí, kí ni òun ń fi í ránṣẹ́ sóko olóko sí? Ó gbé e wọ ihò, ó gún igi méjì rẹ̀ síwájú ẹ̀pà, ó ní kó máa ṣọ́ ọ.

Ó jókòó kó jẹun. Ó bó ẹ̀pà kan. Ó gbójú sókè, ojú Ìgbín ń wò ó.

Ó yí ẹ̀yìn sí i. Ó ń gún un lẹ́yìn bí ẹ̀gún. Ó yí ojú náà sí ara ògiri ihò. Ojú yí padà wá bá a. Ó fi ewé bò ó. Ẹ ti rí iná tí wọ́n fi ewé bò rí? Bẹ́ẹ̀ ló ń dán lábẹ́ ewé. Ẹ̀pà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè gbé e sẹ́nu. Ó ní kò burú, kí òun kọ́kọ́ sùn. Ó dùbúlẹ̀. Ojú ń wò ó. Ó di tirẹ̀, ó mọ̀ pé ó ṣì ń wò òun. Ojú tí kò mọ bí a ti í dijú, kò sí bí èèyàn ṣe máa bá a sùn sínú ihò kan náà.

Kí ló dé tí kò gbé e jù nù? Bó bá jù ú nù, ẹnì kan á he é. Bó bá dá a padà, Ìgbín á sọ̀rọ̀. Bó bá gbé e síta, ta ni yóò ṣọ́ ẹ̀pà? Ó ti di ìgbèkùn olùṣọ́ ara rẹ̀. Lóru, kò sùn. Lójú mọmọ, ó ní láti lọ sí àáró, torí bí akéde kò bá yọ, wọn á wá a wá sílé. Ìrù rẹ̀ tó máa ń dúró gangan bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀. Ó ń rù, ẹ̀pà sì ń bẹ nílé. Ẹnu rẹ̀ tí kì í sinmi wá ń wúwo. Ó wá mọ bó ṣe ń rẹ Ìgbín, àmọ́ ẹ̀pà kò jẹ́ kó sọ.

Ó di ọjọ́ tí wọ́n lọ sí oko Ìmàdò fúnra rẹ̀. Gbogbo wọn tò sórí ebè, wọ́n ń roko lọ. Ìmàdò wà níwájú, Ẹtu àti Òkété tẹ̀ lé e. Ọ̀kẹ́rẹ́ wà lẹ́yìn pátápátá. Oòrùn mú. Ó fi àgbọ̀n lé eékù ọkọ́ pé kí òun sinmi díẹ̀. Oorun gbé e lọ lórí ìdúró.

Ẹ̀yin ẹ mọ ẹnu Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó jí ni, ó sùn ni, ẹnu ń ṣiṣẹ́. Ohùn rẹ̀ lọ sókè láàárín oko.

"Ìyá Ìgbín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ jẹ́ n jẹ ẹyọ kan péré. Ti Ẹtu ni, ti Ẹtu dùn ju ti Òkété lọ. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀."

Ọkọ́ dúró lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ẹtu wo Òkété, Òkété wo Ìmàdò. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń sùn lọ, ó ń bẹ̀bẹ̀ lọ. Ó tilẹ̀ gbè é níkẹyìn, "Tẹ̀rẹ́, ojú ń wò ọ́," bí ọmọ tí wọ́n ń kọrin fún kó lè sùn. Wọn kò jí i. Wọ́n rọra fi í sílẹ̀ sórí ọkọ́, wọ́n lọ sí ilé rẹ̀ nídìí igi ìyeyè.

Wọ́n bá ẹ̀pà níbẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dín. Wọ́n bá ojú Ìgbín lórí igi méjì. Ojú náà ti gbẹ. Ooru ihò ti fà á, ekuru ti bò ó, bó ṣe ń dán tẹ́lẹ̀ ti ń lọ. Ìmàdò ń rántí ohun tó rán lọ bá ìyá náà.

Ìgbín ló bá wọn níbẹ̀. Òórùn Ìmàdò ló ń tọ̀, ibi tí Ìmàdò bá sì yà sí ni òun náà ń yà sí. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti dé.

"Bàbá Ìmàdò," ló wí, "mo fi ojú ránṣẹ́ sí àáró, kò tíì wálé."

Ìmàdò bi í pé ta ló sọ fún un pé wọ́n ń fi ojú ránṣẹ́. Ó ní Ọ̀kẹ́rẹ́ ni. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé ojú òun ni ọkọ́ òun.

"Ojú kì í ṣe ọkọ́," ni Ìmàdò wí. "Ọkọ́ ṣeé yá. Bó bá kú, alágbẹ̀dẹ á rọ òmíràn. A jẹ̀bi yín, ìyá. Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká fẹsẹ̀ wa rìn wá béèrè, ẹnu ẹlẹ́nu la ti gbọ́ ọ."

Wọ́n mú Ọ̀kẹ́rẹ́ wá, oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Wọn kò lù ú. Wọ́n gba iṣẹ́ akéde lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kó ẹ̀pà fún àwọn tó ni ín, wọ́n sì ní òun nìkan ni yóò gbẹ́ ilẹ̀ Ìgbín létí odò, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́. Ó gbẹ́ ẹ. Èékánná rẹ̀ bó. Bó ṣe ń gbẹ́ ẹ ló ń bojú wẹ̀yìn, pé ojú kan ń wo òun. Títí dòní, ẹ ṣọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ bó bá di ẹ̀pà mú. Á bù ú jẹ, á wo ọ̀tún. Á bù ú jẹ, á wo òsì. Kò tíì gbádùn oúnjẹ kan látìgbà náà.

Ilẹ̀ rọ̀, ó jìn. Ìgbín wọ inú rẹ̀, ó yé ẹyin rẹ̀ tán, ó fi ìwo kékeré kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, torí kò lè rí wọn dáadáa. Ìmàdò ti gbé ojú méjèèjì padà sórí ìwo fún un, ṣùgbọ́n ohun tó ti gbẹ ti gbẹ. Ìmọ́lẹ̀ ló ń rí, àti òjìji. Bí ẹnì kan bá kọjá, á mọ̀ pé nǹkan kọjá. Ojú tó mú ju ti àwòdì, ó ti lọ. Ó fi erùpẹ̀ bo ẹyin. Òjò tó kẹ́yìn lọ́dún náà rọ̀ lé e lórí.

Ó yẹ kí àlọ́ parí síbẹ̀, àbí? Ẹ dúró.

Wọ́n ṣì dúró yí i ká, gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́. Wọ́n ti bẹ̀ ẹ́, wọ́n ti pọ́n ọn lé. Ìmàdò wá họ ẹ̀yìn ọrùn. Ó ní ọ̀rọ̀ kékeré kan ló kù. Ó ní ẹ̀pà òun náà ti gbó lóko.

"Ìyá, ǹjẹ́ ẹ lè bá wa ṣọ́ ọ lóru òní?"

Ìgbín wò wọ́n. Òjìji lásán ló rí, òjìji púpọ̀, gbogbo wọn ń retí.

"Ó rẹ̀ mí," ló wí.

Kò bínú sọ ọ́. Ó kàn sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí ìgbín kankan kò ṣe rí. Ṣóńṣó ìwo bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọnú ara rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fa apá aṣọ wọnú. Ojú ọ̀tún wọlé. Ojú òsì tẹ̀ lé e. Ìwo tẹ̀ lé ojú. Ẹtu pè é, kò dáhùn. Òkété fọwọ́ kan ibi tí ojú wà tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ti dán borogidi. Ìgbín fa orí wọlé, ó fa ara wọlé, ó ku ìkarahun nìkan níwájú wọn. Nínú lọ́hùn-ún, ilẹ̀ ṣú fún un. Kò sẹ́ni tó gbé ojú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì sùn.

Àwọn yòókù dúró títí. Nígbà tó pẹ́, wọ́n túká, kálukú lọ ṣọ́ oko ara rẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ẹ̀yin ọmọdé, bí ẹ bá ń ṣoore, iṣẹ́ ọwọ́ yín ni kí ẹ yá ènìyàn, ẹ má yá a ní ojú yín, bó ti wù kó rẹ̀ yín tó. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ fara ti ògiri lẹ́yìn bí ẹni tí kò gbọ́, tiyín nìyí: ẹni tó ń ṣọ́ oko yín kí ẹ lè sùn, ẹ fẹsẹ̀ yín rìn lọ bi í bóyá òun náà sùn.

Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni mo pa, ìgbín kan wà nídìí àmù níbẹ̀ yẹn. Ẹ fi ìka kàn án lójú. Bó bá fi í sílẹ̀ fún yín, ẹ pè mí ní èké.